Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Wẹ̀ ní Ìwárí

Ẹ jókòó. Alágbẹ̀dẹ sọ pé irin ọfà mi kò tíì tutù, nítorí náà a ní àyè. Ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè, kí ó máa lọ. N kò ní í pè é padà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò ní orin nínú, n kò sì ní í fi iyọ̀ sí i. Ohun tí mo rí ni n ó sọ. Ohun tí n kò rí, n ó fi í sílẹ̀ fún àwọn òpùrọ́, nítorí àwọn náà gbọ́dọ̀ jẹun.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí. Bí ẹfọ̀n bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, a yà kúrò lọ́nà fún mi. Iwin ti sọ̀rọ̀ sí mi létí rí, mo sì ní kí ó tún un sọ nítorí pé kò sọ ọ́ já gaara. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ìtàn Oyèníran ni, ọmọ Láwóyin, Baálẹ̀ Òkèrú, ọkùnrin tí ó gòkè ju gbogbo ọmọ tí a bí ní ẹkùn yìí lọ.

Òkèrú kéré. Baálẹ̀ rẹ̀ ń sin ọba kan, ọba náà sì ń sin ọba mìíràn. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí ohunkóhun kù sílé. Òrùlé Láwóyin a máa jò, kò sì sí agbára láti fi koríko tuntun bò ó. Nígbà tí Oyèníran wà ní kékeré, bí òjò bá dé, Láwóyin a bẹ̀rẹ̀ lé e lórí bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́, kí omi lè máa kán sí ẹ̀yìn òun dípò ojú ọmọ. Àwọn ará Òkèrú rí i, wọ́n sì ń pè é ní Afẹ̀yìngbòjò. Oríkì ni, ẹ̀gàn sì wà nínú rẹ̀.

Ní Òkèrú, bí Baálẹ̀ bá kú, ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò dúró létí ihò, tí yóò pe orúkọ rẹ̀, tí yóò sì kì í. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ kì í gba erùpẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Láwóyin kò ní ọmọ mìíràn.

Oyèníran dàgbà, ó sì ní ohùn. Kò sí ìdílé tí kò lè kì. Bí ó bá kí àgbà, àgbà náà a wo ara rẹ̀ bóyá òun ni wọ́n ń kí. Ní ọjọ́ kan, ó wọlé tọ bàbá rẹ̀ lọ.

"Bàbá, mo ń lọ sí Ìwárí, sọ́dọ̀ Onígbó-Gbogbo."

Onígbó-Gbogbo ni ọba tí àwọn ọba igbó ń sìn, àti iwin, àti ènìyàn, àti àwọn tí kò tíì pinnu èyí tí wọn yóò jẹ́.

"Kí ni o ń wá lọ?" ni Láwóyin béèrè.

"Oyè."

"Oyè wà níhìn-ín."

"Èyí tí ń jò."

Láwóyin rẹ́rìn-ín. "Ó ń jò lóòótọ́," ni ó wí.

Àbọ̀kẹ́, ìyá ọmọ náà, wá bá mi nínú oko. "Ọdẹ, mo bẹ̀ ọ́, bá a lọ. Bàbá rẹ̀ ń darúgbó. Mú ọmọ mi bọ̀ kí ilẹ̀ tó pe bàbá rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, mú ohùn rẹ̀ bọ̀." Mo ní n ó ṣe é. Ẹ kíyè sí i pé "bàbá rẹ̀" ni ó wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ Àbọ̀kẹ́ wọ ilé Láwóyin, kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Obìnrin tí ó mọ ilé ọkọ ni.

A lọ. N kò ní í sọ bí ọ̀nà ti jìn. Ẹsẹ̀ mi ni ó rìn ín, kì í ṣe etí yín. Nínú igbó àwọn iwin, oníbodè kan dúró tí kò ní ojú níwájú. Ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ wà, ó sì kẹ̀yìn sí wa kí ó lè rí wa dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀," ni ó wí. "Ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá yóò dáhùn ìbéèrè mi. Ẹni tí kò bá lè dáhùn yóò di igi."

Igi pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń họ ara.

"Ta ni ó wọ ilé lánàá, tí ọmọ tí ń rákò nínú ilé náà sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

Oyèníran rẹ́rìn-ín. "Ṣé èyí ni wọ́n fi ń sọ ènìyàn di igi? Ìyàwó ni. Bí ó ti wù kí ó dàgbà tó, gbogbo ẹni tí ó bá nínú ilé ni ọkọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pe ọ̀kankan wọn lórúkọ."

"Ta ni ó dáhùn?"

"Èmi ni."

"Ọdẹ, ṣé o gbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn?"

"Mo gbọ́."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọjá."

Ẹni tí ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ń béèrè ohun tí ǹ bá ṣe bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi. Ǹ bá ta á lọ́fà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi joyè.

A dé Ìwárí. Ààfin rẹ̀ dà bí háhá àgbàdo, ilé nínú ilé, àgbàlá sì wà láàrin ọ̀kan sí èkejì. Ẹsẹ̀ ìgalà ni àwọn ìránṣẹ́ kan ní. Àwọn mìíràn kò ní òjìji, wọ́n sì ń yá ti ẹlòmíràn lò bí oòrùn bá mú. A kò rí ojú Onígbó-Gbogbo. Bí ó bá mí, ewé gbogbo igbó a yí padà. Mo dúró nígbà tí àwọn yòókù wólẹ̀. Wọ́n rò pé ìgboyà ni. Orúnkún ni ó ń dùn mí.

Ìdààmú kan wà ní Ìwárí nígbà náà. Ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní Agbódòmì ti jókòó sí orísun omi ìlú, ó gbé odò náà mì, kò sì fẹ́ pọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ogun ọba ti ta á lọ́fà títí. Awọ rẹ̀ ń dá ọfà padà. Oyèníran ní òun yóò lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ létí omi, ó sì kí ẹranko náà bí ẹni tí ń kí baba ńlá. Ó bi í léèrè ìdílé tí ó ti wá. Ó kì í láti orí dé ìrù, títí kan àwọn ìyá rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kì rí. Láti ìgbà tí Agbódòmì ti dáyé, èébú àti òkò ni wọ́n ń sọ lù ú. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó la ẹnu láti jẹ́ ìpè, odò sì tú jáde. Mo ta á ní ọ̀nà ọ̀fun.

Ọfà mi ni ó pa á. Àwọn ará Ìwárí ní ohùn Oyèníran ni. N kò bá wọn jiyàn. Ọfà mọ ẹni tí ó ta á.

Onígbó-Gbogbo ní, "Ẹni tí ó lè kí ọ̀tá mi títí ó fi la ẹnu, ọmọ mi ni. Mo fún un ní Ìbíyẹmí, ọmọbìnrin mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í fi ilé mi sílẹ̀. Ẹni tí yóò fẹ́ ẹ ni yóò wọlé wá."

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n da aṣọ bo Oyèníran lórí, wọ́n sì mú un dé ẹnu ọ̀nà ilé àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin ààfin gbé omi jáde nínú igbá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo sún mọ́ ọn. "Oyèníran, ìyàwó ni wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ fún."

Ó sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. "Omi ni omi, Ọdẹ́jìnmí. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Wọ́n yíjú sí èmi náà pẹ̀lú igbá wọn. Mo ní ẹsẹ̀ mi kò dọ̀tí. Wọ́n wo ẹrẹ̀ tí ó dé orúnkún mi, wọ́n sì fi mí sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àgbàlá ni mo ń gbé. N kò wọ abẹ́ òrùlé kankan ní Ìwárí.

Ajá kan wà ní ààfin náà, Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí Oyèníran tó dé. Ní ọjọ́ kan, ó gbé ẹran kúrò nínú àwo Oyèníran, ó sì ń jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ààfin ń wò. Oyèníran kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi." Ajá náà kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Mo jókòó sí àgbàlá, mo ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

"Máa rẹ́rìn-ín," ni Oyèníran wí fún mi. "Èmi ni mo ń sùn lórí awọ àmọ̀tẹ́kùn."

Ìbíyẹmí kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ó sì sọ òtítọ́ fún un níṣojú mi. "Bí o bá pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí o bá nínú ilé, omi tí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ yóò padà sínú igbá. Wàá bá ara rẹ níta ẹnubodè bí o ti wá. Kò ní í sí aya, kò ní í sí oyè. A kò dè ọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Ta ni mo fẹ́ pè?" ni Oyèníran dáhùn. "Gbogbo ẹni tí mo fẹ́ máa pè lórúkọ wà ní Òkèrú."

Ó gòkè. Ọba kọ́kọ́ fi í ṣe olórí ẹnubodè. Wọ́n mú un wọ ilé kejì, wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó di Ẹnu Ọba. Wọ́n mú un wọ ilé kẹta, wọ́n tún wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun ni ó ń bá àwọn ọba igbó sọ̀rọ̀ dípò ọba. Wọ́n ní ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mèéjẹ. Ẹnu tirẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn, kò sì kọ oúnjẹ kankan. Bí ó ti ń wọ inú sí i ni àwọn tí kò gbọdọ̀ pè lórúkọ ń pọ̀ sí i. Kò dà á láàmú. Ohùn rẹ̀ dára, ó sì mọ orúkọ ìnagijẹ púpọ̀.

Ní ìgbẹ̀yìn, Onígbó-Gbogbo pè é jáde sí àgbàlá tí ó kángun sí ilé inú pátápátá. Inú ilé náà ni ó ń kó ìkòkò sí, ìkòkò kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, erùpẹ̀ ìlú náà sì wà nínú rẹ̀.

"Oyèníran, o ti sìn mí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Ìlú wo ni ó bí ọ?"

"Òkèrú ni, Kábíyèsí."

"Mo ti mú Òkèrú wá sábẹ́ ibòòji mi. Ẹnikẹ́ni kò ní í gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn mọ́. Àwọn ọmọlé mi ń fi koríko tuntun bo òrùlé bàbá rẹ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìwọ fúnra rẹ, láti òní lọ, ìgbákejì mi ni ọ́. Wọlé."

Oyèníran da ojú bolẹ̀. Nígbà tí ó dìde, omi wà lójú rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí omi lójú rẹ̀ nìyẹn, ayọ̀ ni ó sì fà á.

Àwọn ìránṣẹ́ gbé ìkòkò Òkèrú dé ní àkókò kan náà. Òun àti ìkòkò pàdé ní ẹnu ọ̀nà.

Mo ti ṣọdẹ pẹ́. Mo mọ bí pàńpẹ́ ti rí kí ó tó pa ẹnu dé. Mo kígbe láti àgbàlá. "Oyèníran! Gbé ẹsẹ̀ wọlé! Wọlé kí ìkòkò yẹn tó wọlé!"

Ó wò mí bí a ti ń wo ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. "Ọdẹ́jìnmí, ilẹ̀ tí wọ́n sin àwọn baba ńlá mi sí ni ó wà nínú ìkòkò yìí. Kí n wá ṣíwájú wọn wọlé? Ṣé bí wọ́n ti kọ́ ìwọ nìyẹn?"

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ìkòkò sì kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ lé e wọlé.

Ìwà ọmọlúàbí ni ó hù. N kò lè sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n Òkèrú ti wà nínú ilé kí ó tó wọ ibẹ̀. Gbogbo ẹni tí ń bẹ lórí ilẹ̀ náà, àgbà rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ti di ọkọ fún un, bàbá rẹ̀ sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Kò mọ̀ títí Ìbíyẹmí fi sọ fún un. Ó jókòó. Kò jẹun ní ọjọ́ náà, Tanímọ̀la sì jẹ oúnjẹ méjì.

Ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn èyí, mo rí i láti àgbàlá tí ìkòkò Òkèrú bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Onígbó-Gbogbo fi ọwọ́ kàn án. "Ẹni tí ó ni ilẹ̀ yìí ti lọ," ni ó wí. "Oyèníran, lọ sin bàbá rẹ. Kó àwọn ènìyàn mi dání, kí ayé lè mọ ilé tí o ti wá."

Ìbíyẹmí sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Ṣé wàá padà wá?"

"N ó padà."

"Bí o kò bá padà, má bínú sí mi. Bí o bá sì padà, má bínú sí mi náà."

A wọ Òkèrú lọ́sàn-án gangan. Àwọn tí ó gbé agboòrùn ọba lé Oyèníran lórí ga ju ilé lọ. Àwọn ọmọdé sá. Àwọn àgbà dúró nítorí pé wọn kò lè sá. Òrùlé tuntun wà lórí ilé Láwóyin, ó ń dán. Ihò wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì ti gbé òkú sínú rẹ̀. Àbọ̀kẹ́ jókòó létí ibẹ̀ nínú aṣọ dúdú. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì wo èmi náà.

Ọ̀tún Baálẹ̀, arúgbó tí ó kù ní olórí ìlú, ní, "Oyèníran, ìwọ ni a ń dúró dè. Pe bàbá rẹ, kí a lè bò ó."

Oyèníran súnmọ́ ihò. "Ọkọ mi àgbà," ni ó wí.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

"Ọkọ mi àgbà. Òpómúléró."

Wọ́n da erùpẹ̀ sí ihò. Erùpẹ̀ náà gòkè padà, ó sì dà sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Ta ni ó ń jẹ́ Òpómúléró?" ni Ọ̀tún béèrè. "Ṣé ọmọ yìí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ni? Odò tí ó bá gbàgbé orísun..."

"Ó mọ̀ ọ́n," ni mo wí. Mo sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkòkò fún wọn, nítorí òun kò lè sọ ọ́.

Àbọ̀kẹ́ dìde. "Bí o bá pè é, kí ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Gbogbo rẹ̀, ìyá. Aya mi. Oyè mi. Ibòòji tí ó wà lórí ìlú yìí pẹ̀lú. Ìṣákọ́lẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Òrùlé yẹn..."

"Òrùlé yẹn dára. Kò jò mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, bàbá rẹ kò sùn bí òjò bá ń rọ̀. Ó ń tẹ́tí sí i bóyá yóò kán."

Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Oyèníran dúró létí ihò. Mo rí gògóńgò rẹ̀ tí ó lọ sókè. Ó la ẹnu. Mo rí ahọ́n rẹ̀ tí ó gbéra tí ó sì kan àjà ẹnu, níbi tí orúkọ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ti dúró de ẹkùn nínú ihò rẹ̀, n kò mí. Ó wo agboòrùn. Ó wo òrùlé. Ahọ́n náà sọ̀ kalẹ̀.

Àbọ̀kẹ́ bu erùpẹ̀.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀tún wí. "Ìwọ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ọkọ."

"Mo ti mọ èèwọ̀ yẹn kí o tó joyè," ni Àbọ̀kẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti di ìyàwó, ìyàwó ni yóò di ọmọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ihò náà. "Láwóyin," ni ó wí. Ó pè é jẹ́jẹ́, nítorí kò mọ bí yóò ti dún lẹ́nu òun. Lẹ́yìn náà ni ó pè é tagbáratagbára. "Láwóyin! Láwóyin Afẹ̀yìngbòjò!" Ó sì da erùpẹ̀ náà sílẹ̀.

Erùpẹ̀ náà dúró.

Ọ̀tún fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. N kò béèrè. Ilẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Nígbà tí wọ́n bò ó tán, Oyèníran wá síwájú ìyá rẹ̀. Gbogbo wa ń retí pé yóò dọ̀bálẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ; ara rẹ̀ ti gbàgbé èkejì.

Àbọ̀kẹ́ fa apá rẹ̀, ó gbé e dìde, ó sì gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀. "Dìde, ìyàwó," ni ó wí. "Ọ̀nà jìn. Máa lọ sílé ọkọ rẹ."

Ó lọ. Ó wà ní Ìwárí títí di òní, kò sì sí ẹni tí ó ga jù ú lọ níbẹ̀ àfi ọba. Òkèrú kò san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀yin bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò gbà yín dáadáa, yóò fún yín ní ẹran. Bí ó bá gbọ́ pé ọmọ Òkèrú ni yín, yóò ní kí ẹ pe orúkọ bàbá òun fún òun. Yóò tún ní kí ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi ṣèlérí fún Àbọ̀kẹ́ pé n ó mú ọmọ rẹ̀ bọ̀, tàbí ohùn rẹ̀. Ọmọ ni mo mú bọ̀.

Ògúnṣọlá alágbẹ̀dẹ, ṣé irin mi kò tíì tutù?

Ó ní ó ti tutù tipẹ́.